Láti Ìwó Róòdù dé Dortmund: àkọsílẹ̀ ọdún méjì tí àbúrò mi fi wá ilé-ìwé ètò ìlú

Ọjọ́ tí lẹ́tà kẹta dé, àbúrò mi ò sunkún. Ó pa kọ̀ǹpútà dé, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ jẹ́ n lọ gbé omi kaná." Ó wọ ilé ìdáná, kò sì jáde títí omi yẹn fi gbẹ mọ́ ìkòkò. Oṣù kẹta ọdún 2023 ni. Ilé-ìwé mẹ́rin ló kọ̀wé sí lọ́dún náà láti lọ gba oyè másítà nínú ètò ìlú àti ìṣirò ìlú. Mẹ́ta ti ní rárá. Mo fẹ́ to ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bó ṣe rìn láti ìbẹ̀rẹ̀, àṣìṣe tèmi náà á sì wà níbẹ̀, nítorí àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá bá mi lórí ọ̀rọ̀ yìí báyìí, irú ìwé tóun kọ lọ́dún yẹn náà ni wọ́n ń kó wá fún mi kà. Nígbà míì, gbólóhùn àkọ́kọ́ kì í yàtọ̀ rárá.

Ọmọ àbúrò ìyá mi ni, ọ̀dọ̀ wa ló gbé dàgbà. Urban and Regional Planning ló kà, ó jáde lọ́dún 2018 pẹ̀lú 2:1, ó ṣe àgùnbánirọ̀, ó sì ríṣẹ́ sí ọ́fíìsì aládàáni kan n'Íbàdàn tó ń ya lé-áòtì fún àwọn tó fẹ́ pín ilẹ̀ tà. Ó ti wà nílé ọkọ, ó ti bí ọmọ obìnrin kan. Èmi gan-an, iṣẹ́ yìí náà ni mò ń jẹ. Mo wà lára àwọn tí aráàlú ń pè ní Tọ́ọ̀nù Pílánìn, àwọn tí ọmọdé máa ń sá lọ sọ fún bàbá wọn pé "wọ́n ti dé o" nítorí ọ̀dà pupa tí a fi ń kọ̀wé sára ògiri. Èmi ni mo kọ́kọ́ mú un lọ sí ọ́fíìsì wa nígbà tó ṣì wà ní girama. Nítorí náà, ibi tí ọ̀nà bá ti wọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, mo mọwọ́ mẹsẹ̀ níbẹ̀.

Ohun tó ń dùn ún kò ju ẹyọ kan lọ: à ń ṣètò ìlú tí a ò kà. Ìkànìyàn tí Nàìjíríà ṣe kẹ́yìn, ọdún 2006 ni. Nínú rẹ̀, àjọ ìkànìyàn ní èèyàn 9,013,534 ló wà ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ìjọba Èkó ka tirẹ̀, ó ní iye náà lé ní mílíọ̀nù 17 àti ààbọ̀. Èkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì èkíní. Ẹni tó bá fẹ́ la títì, tó fẹ́ fa omi ẹ̀rọ, tó fẹ́ kọ́ ilé-ìwé, èwo ni kó gbà gbọ́? Àwa n'Íbàdàn mọ ohun tí Ògùnpa ṣe ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, a sì tún rí omíyalé ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011. Omi ò dúró de ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ ka ilé etídò.

Ẹ̀kọ́ tó ń kojú irú ìbéèrè yìí ti fìdí múlẹ̀ lókè òkun. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ọdún 1995 ni wọ́n dá CASA sílẹ̀ ní University College London lábẹ́ Michael Batty, ibi tí wọ́n ti ń fi ìṣirò àti máàpù wo bí ìlú ṣe ń ṣiṣẹ́. CUSP, ibùdó irú iṣẹ́ yìí ní yunifásítì NYU, bẹ̀rẹ̀ ní New York lọ́dún 2012. Yunifásítì Pennsylvania ní oyè kan tí wọ́n ń pè ní Master of Urban Spatial Analytics. Ní Netherlands, ilé-ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ń pè ní ITC ti wà láti ọdún 1950. Delft ló ti bẹ̀rẹ̀ kó tó kó lọ sí Enschede, iṣẹ́ máàpù ló sì bá wáyé. Ẹ má sì jẹ́ ká fi tilé sílẹ̀: ilé-ẹ̀kọ́ RECTAS tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ n'Ífẹ̀, tó ti di AFRIGIST báyìí, ọdún 1972 ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ yìí kan náà. Ẹnì kan tó jáde níbẹ̀ ló kọ́kọ́ kọ́ àbúrò mi ní QGIS, ìyẹn ètò máàpù orí kọ̀ǹpútà tí èèyàn ò sanwó fún. Ọ̀fẹ́ tó jẹ́ yìí ṣe pàtàkì fún wa ju bí ẹlòmíì ṣe rò lọ.

Ibi tí a ti kọ́kọ́ ṣìnà ni pé a ka gbogbo àwọn ilé-ìwé yìí sí ọ̀kan. Wọn kì í ṣe ọ̀kan. Oyè ètò ìlú ní Amẹ́ríkà, bíi Master in City Planning ti MIT, ọdún méjì ni. Òfin ilẹ̀, ọ̀rọ̀ ilé gbígbé, bí a ṣe ń bá ará àdúgbò jókòó sọ̀rọ̀, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀, ìṣirò sì jẹ́ apá kan. Oyè ìṣirò ìlú, bíi ti Pennsylvania yẹn, ọdún kan ni, nọ́ńbà àti kóòdù ló kún inú rẹ̀. Ẹni tó ń ka ìwé rẹ níbi àkọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ bóyá o mọ̀ pé èèyàn ló ń gbé inú ìlú. Ẹni tó ń kà á níbi kejì fẹ́ mọ̀ bóyá wàá lè jókòó ti Python, èdè tí a fi ń kọ kóòdù, lóru nígbà tí nọ́ńbà ò bá bára mu. Ọ̀rọ̀ ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ tún wà níbẹ̀: àjọ PAB ló ń fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ ètò ìlú ní Amẹ́ríkà, àjọ RTPI ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dọ̀ tiwa, àjọ TOPREC ló ń forúkọ onímọ̀ ètò ìlú sílẹ̀. Oyè ìṣirò lè dára gan-an, kó má sì sọ ẹni tó gbà á di onímọ̀ ètò ìlú lójú àwọn àjọ wọ̀nyí. Àbúrò mi ò béèrè. Èmi tó yẹ kí n sọ fún un ò sọ, torí pé orúkọ ńláńlá ti kún ojú mi.

Ìwé kan náà ló fi ránṣẹ́ sí ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe lọ lédè wa rèé: "Láti kékeré ni ọ̀rọ̀ ìlú ti ń wù mí. Ìlú dà bí ohun abẹ̀mí. Bí àwọn ìlú Áfíríkà ṣe ń dàgbà kíákíá, ó di dandan ká lo ìmọ̀ ìgbàlódé láti tún wọn ṣe." Ní ìpínrọ̀ kejì, ó dárúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mabogunje, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ jọ́gíráfì àgbáyé, ẹni tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí bí ìlú ilẹ̀ Yorùbá ṣe ń dàgbà. Orúkọ ńlá ni, a sì gbé e síbẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn lásán. Kò sí ohun kan tí àgbà náà kọ tí ìwé yẹn bá jà tàbí tó kọ́lé lé lórí. Mo ka ìwé náà, mo ní ó dáa. Omi tiẹ̀ lé sí mi lójú. Tí mo bá kà á lónìí, mi ò rí Ìbàdàn kankan nínú ẹ̀. Tí a bá yọ "Áfíríkà" kúrò tí a fi "Éṣíà" dípò, kò sí gbólóhùn tó máa bàjẹ́.

Àwọn àwòrán iṣẹ́ tó fi tì í náà rí bẹ́ẹ̀. Ojú ìwé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, gbogbo ẹ̀ lé-áòtì àwọn oníbàárà, àwọ̀ ewé, àwọ̀ ìyeyè, pílọ́ọ̀tì tò lọ rẹrẹ. Ó mọ́ ojú. Kò sí ọ̀kan níbẹ̀ tó béèrè nǹkan kan.

Lẹ́tà ìjẹ́rìí wá ńkọ́? Olùkọ́ kan sọ fún un pé, "Lọ kọ ọ́ wá, n ó fọwọ́ sí i." Ó kọ ọ́. Báwo ni ọmọ ilé rere ṣe fẹ́ yin ara rẹ̀ lórúkọ olùkọ́ rẹ̀? Ó kọ pé òun jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń tẹ̀lé òfin, tó ń tètè dé kíláàsì. Olùkọ́ kejì fi àdírẹ́sì Yahoo tirẹ̀ ránṣẹ́, ilé-ìwé kan sì dá a padà pé ti ibi iṣẹ́ ni àwọn ń gbà. Ní ti transcript, ìyẹn àkọsílẹ̀ máàkì rẹ̀ láti yunifásítì, mi ò ní dárúkọ yunifásítì náà. Oṣù kẹsàn-án ló sanwó, oṣù kìíní ló jáde, nígbà tí ọjọ́ tí ilé-ìwé méjì dá ti kọjá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló rìnrìn àjò lọ síbẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ní fáìlì rẹ̀ wà nínú yàrá kan, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló lọ fún ìsinmi. Owó fọ́ọ̀mù Amẹ́ríkà, tó ń sún mọ́ ọgọ́rùn-ún dọ́là lórí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan, di wàhálà mìíràn, torí ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ báńkì dá káàdì náírà dúró lórí rírajà lókè òkun. Ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀ kan ní Houston ló bá a san án, kò sì gbà kí wọ́n dá a padà.

Mo ń sọ èyí kí ẹni tó ń rò ó lè lọ béèrè transcript lónìí, kó tó mọ ilé-ìwé tó ń lọ pàápàá.

Ilé-ìwé kẹrin, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbà á. Kò sí owó ìrànwọ́ kankan nínú lẹ́tà náà. Ìyá rẹ̀ ní pílọ́ọ̀tì kan ní Mọníyà. "Kí la fẹ́ fi ilẹ̀ ṣe bí ọmọ ò bá kàwé?" Màmá ti pe ẹni tó máa rà á kó tó pè wá sípàdé. Èmi ni mo ní kí wọ́n dúró. Mo mú bírò, mo ṣe ìṣirò rẹ̀ níwájú gbogbo wọn: iye tí ilẹ̀ náà máa mú wá kò tó ìdajì owó ilé-ìwé, ká má ì tí ì sọ ilé àti oúnjẹ, ká má sọ owó tí físà fẹ́ kó wà ní báńkì fún ọjọ́ 28 gbáko láìdín. Màmá ò bá mi jà, ó kàn wo ilẹ̀. Àbúrò mi ló bínú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò fi pè mí.

Oṣù karùn-ún pé, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kéde pé láti oṣù kìíní ọdún 2024, ẹni tó bá wá ka másítà oníkíláàsì kò ní lè mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́. Oṣù kẹfà pé, náírà já. Dọ́là tó wà ní nǹkan bí 460 náírà ní ọjà ìjọba kọjá 700 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún 2024, ó ti lé ní 1,500. Ẹni tó bá tilẹ̀ ta ilẹ̀ ní oṣù kẹrin, tó wá ń dúró de oṣù kẹsàn-án láti san ìyókù, á ti rí i pé owó ọwọ́ òun ti yọ́. Síbẹ̀, mo mọ̀ pé èmi ni mo ti ilẹ̀kùn yẹn mọ́ ọn, ilẹ̀kùn tó sì ṣí fún ọmọ rẹ̀ nígbà náà ti tì fún un lọ́dún tó tẹ̀lé e. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi.

Ìyípadà dé ní ìrọ̀lẹ́ kan ní oṣù keje. Òjò ti pa á, ó wọlé mi pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́. Géètì ló ti ń bọ̀. "Àǹtí, ẹ ò rí i! Micra mẹ́sàn-án ló kọjá lára mi, gbogbo ẹ̀ ló ti kún!"

Mo ní, "Báwo lo ṣe mọ̀ pé mẹ́sàn-án ni?"

"Mo kà á."

Mo ní kó jókòó. Mo ní kó tún un sọ.

Ẹni tó bá mọ Ìbàdàn mọ ohun tó ń wí. Micra, ọkọ̀ kékeré yẹn, ló ń gbé wa káàkiri ìlú yìí, méjì níwájú, mẹ́ta lẹ́yìn. Ní Ìwó Róòdù, ọkọ̀ tí tọ́ọ̀nù bá kàn á dúró títí á fi kún, lẹ́yìn náà ló máa tó gbéra lọ sí Dùgbẹ̀. Èyí dáa fún ẹni tó wà ní gáréèjì. Ẹni tó dúró sáàárín ọ̀nà ńkọ́, ní Géètì tàbí lẹ́yìn ẹ̀? Kún-kún ni ọkọ̀ ń dé ọ̀dọ̀ tirẹ̀, kì í dúró. Lórí máàpù, ọkọ̀ ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Lójú pópó, kò rí ọkọ̀ wọ̀. Èmi tí mo ti ń ṣètò ìlú tipẹ́ ò tí ì fi ojú yẹn wo ọ̀rọ̀ náà rí, bẹ́ẹ̀ èmi náà ti dúró sínú òjò yẹn àìmọye ìgbà.

Ó ra ìwé ìkọ̀wé mẹ́ta, ó fi rúlà fa ìlà sí wọn. Ìlà àkọ́kọ́ wà fún àsìkò tí tọ́ọ̀nù kan ọkọ̀, èkejì fún àsìkò tí èrò àkọ́kọ́ jókòó, ẹ̀kẹta fún àsìkò tí ẹni karùn-ún wọlé, ẹ̀kẹrin fún owó ọkọ̀. Ìlà ìkẹyìn wà fún òjò tàbí oòrùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi ń lọ síbẹ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́ àti lẹ́yìn iṣẹ́. Ní Sátidé, mo máa ń gbé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ kó lè wà níbẹ̀ lọ́sàn-án.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n lé e. Àgbà awakọ̀ kan wá dúró lé e lórí, ó ní, "Ìyáàfin, a kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ. Mọ́tò wa lẹ wá ń kà? Ta ló rán yín?" Wọ́n rò pé owó orí ló ń bọ̀. Ó pè mí, mo dé bẹ̀, mi ò wọ ìdánimọ̀ ọ́fíìsì sọ́rùn, mo kúnlẹ̀ kí bàbá náà. Mo ṣàlàyé pé ọmọ mi fẹ́ kàwé lórí bí èèyàn ṣe ń dúró de ọkọ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ nípa dídúró, àwa ni kẹ́ ẹ bi." Láti ọjọ́ náà, òun fúnra rẹ̀ ló ń pè é tí tọ́ọ̀nù bá yí: "Akọ̀wé! Kọ eléyìí sílẹ̀!" Òun ló jẹ́ kó mọ ohun tí ìwé kankan ò sọ fún un, pé lọ́sàn-án, awakọ̀ mìíràn máa ń san owó ẹni kan tó kù nínú ọkàn ara rẹ̀, kó gbéra pẹ̀lú àyè kan lófìfo, torí ó mọ̀ pé òun á rí ẹni gbé lọ́nà. Àyè kan yẹn ni ìrètí ẹni tó wà ní Géètì. Ìyá ẹlẹ́kọ tó ń tà nítòsí ya bẹ́ǹṣì fún un. Ó sọ fún mi pé láàárọ̀, ọkọ̀ àkọ́kọ́ á ti kún kí ìyá náà tó bó ewé ẹ̀kọ kan tán. Tó bá di ọ̀sán, awakọ̀ á sọ̀ kalẹ̀, á fẹ̀yìn lélẹ̀ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, èrò méjì á jókòó sínú ọkọ̀ wọn á máa fi páálí fẹ́ra.

Nígbà tó kó nọ́ńbà rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ó bá ìṣòro kan pàdé tó jẹ́ pé òun ló wá gbé ìwé rẹ̀ ró. Ètò tí ayé fi ń kọ ìrìn ọkọ̀ èrò sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà ni GTFS. Portland ní Amẹ́ríkà ló ti bẹ̀rẹ̀, lọ́dún 2005, pẹ̀lú Google. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń kọ ibùdókọ̀ àti àsìkò tí ọkọ̀ máa dé síbẹ̀ sí. Micra ò ní àsìkò, kíkún ló ní. Àwọn ará Nairobi ti bá irú ẹ̀ pàdé: láti ọdún 2012, Yunifásítì Nairobi, MIT àti Columbia pawọ́ pọ̀ fi fóònù ya ọ̀nà tí àwọn matatu, ọkọ̀ èrò tiwọn, ń rìn, iṣẹ́ tí wọ́n pè ní Digital Matatus, wọ́n sì ní láti tẹ GTFS kó lè gba ọkọ̀ tí kò ní tàbílì àsìkò. Ètò náà ní àyè láti sọ pé ọkọ̀ kan ń wá lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan. Ṣùgbọ́n nínú tàbílì tí wọ́n ń kọ sílẹ̀ ṣáájú yẹn, kò sí ibi tí a ti lè kọ ọ́ sí pé kíkún ni ọkọ̀ ń dúró dè kó tó gbéra, àti pé èyí tó bá ti kún kì í dúró lọ́nà. Ìbéèrè rẹ̀ nìyẹn. Ìwó Róòdù ló ti hù, ó sì bá iṣẹ́ àwọn tó ń kàwé rẹ̀ lókè òkun pàdé ní ojú kan ṣoṣo.

Ìwé tuntun bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Ní Ìwó Róòdù n'Íbàdàn, Micra kì í gbéra títí á fi kún, èyí tó bá sì ti kún kì í dúró lọ́nà. Mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ka bí ó ṣe ń kún." Kò sí "láti kékeré" níbẹ̀. Kò sọ pé ìlú dà bí ohunkóhun. Ó sọ ohun tó kà, ibi tí kíkà náà ti kù síbì kan, àti ohun tí òun ò lè ṣe nítorí òun ò tí ì mọ irú ìṣirò tó yẹ. Ibi tó ti sọ ohun tí òun ò mọ̀ yẹn ni mo kọ́kọ́ fẹ́ kó pa rẹ́. Ó kọ̀. Òun ló tọ̀nà: bí o bá mọ gbogbo ẹ̀, kí lo ń wá lọ sílé-ìwé? Àwòrán iṣẹ́ rẹ̀ di ojú ìwé mẹ́jọ, fọ́tò ìwé ìkọ̀wé náà sì wà lójú ìwé àkọ́kọ́, ti òun ti ipa omi òjò lára ẹ̀.

Kò tún gbà kí olùkọ́ sọ pé kó lọ kọ lẹ́tà wá. Ó kọ ohun tó ṣe sí ojú ìwé kan, ó mú un lọ fún olùkọ́ rẹ̀, ó jókòó tì í, ó ṣàlàyé. Olùkọ́ kan náà tó ní "lọ kọ ọ́ wá" lọ́dún àkọ́kọ́ ló kọ lẹ́tà ojú ìwé méjì fúnra rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Mo gbà pé kì í ṣe ọ̀lẹ ló ń ṣe ọkùnrin náà tẹ́lẹ̀. Ọmọ tó tó igba ló kọjá lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní nǹkan tó fẹ́ rántí nípa èyí tó ń tètè dé kíláàsì.

Ti owó ló kù. Ó wo Chevening, ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì: wákàtí iṣẹ́ 2,800, ẹ̀kọ́ mẹ́ta tí wàá yàn, ìpadàbọ̀ sílé fún ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀. Ó kún ojú òṣùwọ̀n. Òfin ọmọ tí mo sọ lókè kò de ẹni tí ìjọba ń san owó fún, ṣùgbọ́n Chevening kì í san owó ọmọ. Ọmọ ọdún mẹ́rin. Ọdún kan gbáko láìsí ìyá, láìsí owó tí ìyá fi lè mú un wá. Ó ní rárá, mi ò sì dá sí i.

Ohun tó rí wá ni SPRING, ẹ̀kọ́ ètò ìlú tí TU Dortmund ní Jámánì ti ń ṣe láti ọdún 1984 fún àwọn tó ti orílẹ̀-èdè bíi tiwa wá. Ọdún méjì ni. Ọdún àkọ́kọ́, Dortmund. Ọdún kejì, ọ̀kan nínú àwọn yunifásítì tí wọ́n jọ ń ṣe é: Tanzania, Philippines, Chile, tàbí Kumasi ní Ghana. Ètò ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ EPOS ti DAAD, àjọ Jámánì tó ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́, ń san owó fún ẹni tí wọ́n bá yàn. Wọ́n fẹ́ iṣẹ́ ọdún méjì ó kéré tán, wọn ò fẹ́ kí oyè àkọ́kọ́ ti lé ní ọdún mẹ́fà, wọ́n sì fẹ́ lẹ́tà láti ibi iṣẹ́. Ọ̀gá rẹ̀, tó ti rí i bó ṣe ń tẹ nọ́ńbà Micra nígbà ìsinmi ọ̀sán, kọ lẹ́tà náà lọ́jọ́ tó béèrè. Ọdún mẹ́fà tirẹ̀ ti ń pé lọ. Ó tún kọ̀wé sí ilé-ìwé ìṣirò ìlú kan ní Amẹ́ríkà àti òmíràn ní Yúróòpù.

Amẹ́ríkà gbà á. Lẹ́tà náà dùn ún kà, wọ́n dárúkọ Ìwó Róòdù nínú ẹ̀. Owó ìrànwọ́ tí wọ́n fún un kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tó máa ná. Ti Yúróòpù yẹn ní kó dúró ná, kò tún gbúròó wọn mọ́. Dortmund gbà á, DAAD sì fọwọ́ sí i.

A jà lórí èyí, ẹ jẹ́ n sòótọ́. Mo fẹ́ kó lọ sí ti Amẹ́ríkà, ká wá owó kiri. Mo ní SPRING kì í ṣe ilé-ìwé ìṣirò, pé ìṣirò ló ti ń wá láti ọjọ́ yìí. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Àǹtí mi, kíkà yẹn, mo ti ń kọ́ ọ fúnra mi. Ọjọ́ tí ẹ kúnlẹ̀ kí bàbá awakọ̀ yẹn, òun ni mi ò mọ̀ ọ́n ṣe. Tí mo bá kà á tán, ta ni mo fẹ́ gbé e fún, báwo ni n ó ṣe bá wọn sọ ọ́?" Mo dákẹ́. Kumasi tún wà níbẹ̀: ọkọ̀ ilẹ̀ lè gbé ọkọ àti ọmọ rẹ̀ láti Ìbàdàn débẹ̀, ọmọ ECOWAS ò sì nílò físà láti wọ Ghana.

Ó lọ lọ́dún 2024. Èdè Jámánì ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ọ kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ wà lọ́dọ̀ Màmá, ẹni tí kò ta ilẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ọdún àkọ́kọ́ yẹn le. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ọmọ náà kì í fẹ́ wo fóònù tí ìyá rẹ̀ bá pè, ṣe ló máa ń lọ fi orí pamọ́ sẹ́yìn ìyá àgbà, àbúrò mi á sì máa bá ògiri sọ̀rọ̀ lórí fídíò. Kò sí ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ tó san owó ìyẹn.

Ní ọdún kejì, ó bọ́ sí Kumasi, wọ́n kó ọmọ lọ bá a. Kejetia, gáréèjì ńlá Kumasi, ló ń ṣiṣẹ́ lé lórí báyìí, ibi tí àwọn trotro, ọkọ̀ èrò Ghana, ń dúró sí títí wọ́n á fi kún, gẹ́gẹ́ bíi Micra tiwa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó pè mí pé òun nílò ìwé ìkọ̀wé mẹ́ta yẹn, kì í ṣe nọ́ńbà tó ti wà nínú kọ̀ǹpútà, bí kò ṣe ọ̀rọ̀ tó kọ sétí ìwé, àwọn ohun tí àwọn awakọ̀ sọ. Inú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ni wọ́n wà. Mo ti ya fọ́tò èkíní tán. Ìwé kejì ló ni ojú ìwé tí òjò kọjá lára ẹ̀. Mo gbé e lọ sẹ́nu wíńdò kí ìmọ́lẹ̀ lè mú un, mo ń fi ìka tọ ìlà rẹ̀ kó lè hàn, mo sì rí i níbi ìsàlẹ̀, ní bírò pupa, ohun tí mi ò rí nígbà náà: "Àǹtí ń gbé ọmọ. Dúró di aago méjì."